Pẹpẹ Onígi àti Ilẹ̀ Sìmẹ́ǹtì: Ìtàn Ibi Tí A Ń Sá Kòkó Sí ní Araromi-Obu

Tí ẹ bá gba ọ̀nà oko wọ èyíkéyìí nínú àwọn abúlé tó yí Araromi-Obu ká láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kìn-ín-ní, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Yóò tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú ilé, kòkó yóò bò ó mọ́lẹ̀, òórùn kíkan rẹ̀ yóò sì ti pàdé yín lójú ọ̀nà kí ẹ tó débẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dáko níbẹ̀ lónìí gbà pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wọn ṣe ń sá kòkó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Orí pẹpẹ tí a fi igi àti ọparun ṣe ni kòkó tiwa ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé sìmẹ́ǹtì sàn ju pẹpẹ lọ ni a ṣe pa pẹpẹ tì. Ohun mìíràn ló fà á, ó sì yẹ kí ẹni tó ṣojú rẹ̀ sọ ọ́.

Ó ṣojú mi. Ìkìrun ni bàbá mi ti wá. Ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, bí ọ̀pọ̀ àlejò tó wá dáko kòkó ní gúúsù Oǹdó ṣe ń ṣe. Àwọn ọkùnrin ló ń gbìn ín, tí wọ́n ń ro ó, tí wọ́n ń ká a. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọ́ kòkó tán, tó sì ti kẹ̀ tán, ó di tiwa nìyẹn: ìyá mi, ìyàwó kejì bàbá mi tí à ń pè ní Ìyá Kékeré, àti àwa ọmọ. Àwa là ń sá a, àwa là ń yí i, àwa náà là ń sáré kó o bí òjò bá ṣú. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń jiyàn lórí igi àti sìmẹ́ǹtì, obìnrin ló yẹ kí wọ́n bi.

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀, àwọn Potogí àti àwọn ará Sípéènì gbé e dé erékùṣù São Tomé àti Fernando Po, láti ibẹ̀ ló ti dé etíkun wa. Ní nǹkan bí ọdún 1880, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ará Èkó tó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, dá oko kòkó sí Ìjọn, lágbègbè Agége. Jacob Kẹ́hìndé Coker tẹ̀ lé e, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ lóko wọn láti Oǹdó, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kì í padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Èso kòkó máa ń wà nínú ẹrù wọn. Ní ìlú Oǹdó, Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti ìjọ Àńgílíkà rọ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbìn ín. Nígbà tí ilẹ̀ tó sún mọ́ ìlú kún tán, àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igbó lọ sí ìhà gúúsù, díẹ̀díẹ̀ ni kòkó fi dé Odigbo, Ore àti ọ̀dọ̀ wa.

Ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín nìkan kọ́ ni àwọn lébìrà yẹn mú bọ̀. Wọ́n mú ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́ bọ̀ pẹ̀lú, nítorí kòkó tútù kì í ṣe ọjà. Bí a bá fọ́ ọ tán, a ó kó hóró rẹ̀ jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi ewé bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà títí yóò fi gbóná, tí yóò kẹ̀, tí àwọ̀ inú rẹ̀ yóò yí padà. Ibẹ̀ ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló kan oòrùn. Oòrùn gbọ́dọ̀ fa omi inú hóró wálẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Bí ó bá ju 8 lọ, kòkó yóò bu nínú àpò, kò sì sí oògùn tí a lè fi wo kòkó tó ti bu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí pẹpẹ bàbá mi ṣe rí. Ó máa ń ri òpó mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì, gíga wọn kì í ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Yóò fi igi gbọọrọ dábùú wọn, yóò sì fi okùn igbó dì wọ́n pinpin. Orí igi yìí ni a ń tẹ́ ẹní ọparun sí. Ọparun náà, wọ́n ti là á sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti fi okùn hun ún pọ̀, àlàfo tóóró sì wà láàrin ọ̀kan sí èkejì tí atẹ́gùn lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí hóró kòkó kò lè gbà jábọ́. Oòrùn ń pa kòkó lókè, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Ìyá mi kì í jẹ́ kí a sá a fẹ́lẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ní kí a jẹ́ kó nípọn díẹ̀, kí a máa yí i lemọ́lemọ́, kí oòrùn má baà ká a mọ́ lójijì. “Ẹ jẹ́ kó mí,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Bí a bá ń yí i, a ó máa ṣa èyí tó pẹlẹbẹ, èyí tó ti hù, èyí tó lẹ̀ mọ́ra àti èèpo tó bá a wá láti oko.

Bí òjò bá ṣú, ẹni méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Ọ̀kan á di etí ẹní mú lápá ọ̀tún, èkejì á dì í mú lápá òsì, wọ́n á ká a tòun ti kòkó inú rẹ̀, wọ́n á gbé páànù lé e. Bí òjò bá dá, wọ́n á tún un tẹ́. Bí kòkó ṣe ń gbẹ lọ, etí ni ìyá mi fi ń mọ̀ ọ́n. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí kò bá dún pàpàpà, kò tíì tó àpò wọ̀.

Ní 1967, pẹpẹ yẹn gbà wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, nígbà ogun abẹ́lé, ni àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin, tí wọ́n sì wọlé dé Ore kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró. Títí di òní, bí nǹkan bá le lọ́dọ̀ wa, ẹ ó gbọ́ tí àgbàlagbà yóò sọ pé, “Ó le kú, ìjà Ore!” Ọkọ̀ tó ń wá kó kòkó kò wá mọ́, a kò sì mọ ọjọ́ tí yóò wá. Ọ̀rinrin àkókò òjò ń wọ inú àpò, ìyá mi sì ń tú kòkó padà sórí ẹní ní gbogbo ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, kó lè fẹ́ atẹ́gùn. Nígbà tí ọ̀nà là, bàbá mi rí kòkó tà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni igi ti ṣe lóore. Ní Trinidad àti ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, níbi tí kòkó ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di olówó ṣáájú wa, pákó ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀ ibi ìsákòkó. Wọ́n gbé e ga kúrò nílẹ̀, wọ́n sì ṣe òrùlé lé e lórí tó ń yí lórí irin bíi ti rélùwéè: bí òjò bá dé, wọ́n á ti òrùlé bò ó, bí oòrùn bá yọ, wọ́n á tì í kúrò. Ní Trinidad, àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi ẹsẹ̀ lásán jó lórí kòkó náà kí hóró lè dán. Ní Gánà, orí ẹní tí wọ́n gbé ga ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń sá tiwọn sí títí di òní, kòkó Gánà sì ti pẹ́ tó ti lórúkọ rere lọ́jà àgbáyé ju tiwa lọ. Bàbá mi kò mọ Bahia, kò sì dé Gánà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọgbọ́n wọn sọ fún wọn náà ni ọgbọ́n tirẹ̀ sọ fún un.

Ẹni tó bá mọ igbó wa yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò fi pákó gidi kan pẹpẹ tiwa. Àwọn igi tó yí wa ká nígbà náà kì í ṣe igi yẹpẹrẹ: ìrókò, ọ̀gànwó, òpèpè, afárá, arère. Ṣùgbọ́n igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ìjọba amúnisìn ti fa ààlà yí apá tó pọ̀ jù nínú igbó náà ká, wọ́n pè é ní igbó ìjọba ti Oluwa, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀. Àwọn agégẹdú tó ní ìwé ń fa gẹdú lọ sí Èkó, láti ibẹ̀ ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Òpèpè tí ikán àti omi kò lè tètè bà jẹ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń tẹ́ èbúté àti afárá etí omi wọn. Pẹpẹ tó dára jù tí igi wa ṣe, òkè òkun ló wà. Ọwọ́ àgbẹ̀ kò tó òpèpè; igi tí kò lágbára ló ń lò, ikán sì ń bá a jẹ ẹ́. Ọdọọdún ni bàbá mi ń pààrọ̀ òpó. Nígbà tó yá, ìjọba gé igbó àdáyébá tó pọ̀ lulẹ̀ ní igbó Oluwa àti ní igbó Ọmọ̀, wọ́n gbin igi melína sí i nítorí ilé-iṣẹ́ pépà Iwopin, ilé-iṣẹ́ náà kò sì ṣiṣẹ́ dé ibi tí wọ́n pète rẹ̀ dé. Igi gidi wá di ohun tí à ń fi owó wá.

Bí igi ṣe ń wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ń dín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó kòkó sì wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ náà ró. Èmi náà jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wà ní kíláàsì ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ kò lè máa yí kòkó. Àwọn géńdé tó kù lábúlé, ọgbà rọ́bà ńlá tí gbogbo ènìyàn fi mọ Araromi-Obu ń pè wọ́n, owó oṣù ló sì ń san. Bó bá di ọ̀sán, ìyá mi àti Ìyá Kékeré nìkan ló kù nídìí ẹní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí sìmẹ́ǹtì tó dé bá wa. Ilẹ̀ líle níwájú ilé kì í ṣe ohun tuntun sí Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, àwọn baba wa ti ń to àpáàdì ní ìdúró mọ́ ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, ní ìlà tó bá ara mu. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tó jọba níbẹ̀, ló pàṣẹ rẹ̀ nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan aṣọ òun. Àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Frank Willett àti Peter Garlake hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Ìta Yemòó àti ní ilẹ̀ Ọbàlárá. Ṣùgbọ́n ààfin àti ojúbọ ló ni ìyẹn. Ilẹ̀ tí a fi ìgbẹ́ màlúù pa ni ti àgbẹ̀.

Láti òkè òkun ni sìmẹ́ǹtì ti ń wá tẹ́lẹ̀, olówó ló ń rà á. Ní 1957 ni ilé-iṣẹ́ Nkalagu bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn, Ewékorò tẹ̀ lé e ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1960. Lẹ́yìn ogun ni owó epo dé. Ní 1975, sìmẹ́ǹtì tí ìjọba ológun fi ìwé béèrè fún tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì tò sójú òkun, wọ́n ń dúró, ìjọba sì ń san owó ìdádúró fún wọn. Ìtìjú ńlá ni fún orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ti wá wọ ojú gbogbo ènìyàn, àgbẹ̀ tí kò bá ní in níwájú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ayé ti fi òun sílẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ṣe àjọ̀dún FESTAC, 1977, ni bàbá mi da tirẹ̀. Bíríkìlà wá láti Ore, ó fi okùn wọn ilẹ̀, ó sì mú kí ó dà díẹ̀ sí ìhà kòtò kí omi òjò lè máa ṣàn lọ. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n da kọnkéré lé e, wọ́n fi pákó gbọọrọ ré ojú rẹ̀, wọ́n sì fi tírówẹ̀ẹ̀lì pa á títí ó fi ń dán. Ìyá mi fi ọwọ́ pa á, inú rẹ̀ dùn. Kò ní sí òpó pípààrọ̀ mọ́, kò ní sí ọparun lílà.

Kòkó àkọ́kọ́ tí a sá sí i gbẹ kíákíá. Ilẹ̀ náà máa ń gbóná débi pé a kò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, ó dì í sínú àpò ìdọ̀họ, ó kó o lọ síbi ìwọ̀n. Ọ̀gá tó yẹ̀ ẹ́ wò kò tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ó ṣa hóró káàkiri inú àpò, ó tò wọ́n, ó fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lóòró lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèpo ẹ̀yìn wọn ti gbẹ gan-an, ṣùgbọ́n inú ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀, àwọn kan sì ti fẹ́ máa bu. Ó bu ọ̀kan lẹ́nu, ó tutọ́, ó ní ó kan. Gíréèdì kejì ló kọ fún wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn: ooru lókè àti ooru nísàlẹ̀ ti tètè mú èèpo le kí omi àti kíkan inú hóró tó rí ọ̀nà jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń sá kòkó sórí ẹní títí yóò fi gbẹ dé ìdajì, kó tó jẹ́ kó kan sìmẹ́ǹtì.

Kí ló dé tí gbogbo àgbẹ̀ kò fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń rà á. Láti 1947 ni ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó sílẹ̀, ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹkùn. Àgbẹ̀ ní ẹjọ́ púpọ̀ bá ìgbìmọ̀ náà rò, pàápàá nítorí owó tó ń yọ lára tiwa, mi ò sì ní gbèjà rẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú: owó gíréèdì kìn-ín-ní ju ti kejì lọ, ẹni tó bá sì kó kòkó tútù wá á gbé e padà sílé. Pẹpẹ ń pa owó wọlé. Ní 1986, lábẹ́ SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti ìjọba Babangida, wọ́n fagi lé ìgbìmọ̀ náà. Owó kòkó fò sókè, àwọn tí kò mọ kòkó rí wọ inú oko láti rà á, torí wọ́n fẹ́ fi gbé owó jáde ní orílẹ̀-èdè. Wọn kò là á wò, wọn kò fún un lọ́wọ́ gbọ́. Èyí tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ, iye kan náà ni wọ́n ń san, wọ́n sì ń rà á kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ta ni yóò wá la ọparun? Láàrin ọdún díẹ̀, pẹpẹ pòórá ní abúlé wa bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Wọ́n tún gbé àyẹ̀wò dìde lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ pẹpẹ kàn ti ń di arúgbó.

Ẹni tí kò lówó sìmẹ́ǹtì, etí títì ọlọ́dà ló sá tirẹ̀ sí. Ìyẹn ló burú jù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n sí èròjà olóró tó ń ti ara èéfín àti ọ̀dà wọ inú kòkó, nítorí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Kòkó tó bá kọjá òdiwọ̀n kò ní wọlé. Ọ̀dà kì í sì í kúrò lára kòkó tó bá ti fà á mu.

Ẹ má ṣe rò pé mo kórìíra sìmẹ́ǹtì. Ó lé ní ogójì ọdún tí èyí tí bàbá mi dà ti wà, ó kàn sán díẹ̀ létí ni. Orí rẹ̀ la ti ń sá láfún, orí rẹ̀ la pàgọ́ sí nígbà tí a sin bàbá mi, ibẹ̀ náà la ti gbé mi níyàwó. Opó tí kò lọ́mọ nílé lè dá kòkó àpò kan gbá jọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ń gun un, adìyẹ ń ṣu sí i, bí òjò bá sì ká ènìyàn mọ́, gbígbá ni, kò ṣe é ká bí ẹní.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ẹ da sìmẹ́ǹtì fún ilé yín, ẹ kan pẹpẹ fún kòkó yín. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ wọ igbó ìjọba lọ gé òpèpè: igi tíìkì àti melína wà lọ́jà Ore. Ìdí òpó ni kí ẹ da sìmẹ́ǹtì sí kí ikán má rí ibi gùn. Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara ṣe ìbòrí dípò páànù, ẹ jẹ́ kí kòkó lo ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ẹ̀yin tó ń ra kòkó, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá ẹgbẹ̀rún 10 dọ́là lọ́jà àgbáyé, síbẹ̀ kòkó orí ẹní àti kòkó etí títì, iye kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń san fún àgbẹ̀. Ẹ fi owó kún ti ẹni tó gbẹ ẹ́ dáadáa. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é, ní ọdún kan péré, pẹpẹ yóò padà sí gbogbo abúlé Araromi-Obu.